Bíárìn Iwájú Ló Ń Kú

Ìlọ́fà, Ọjọ́ Ajé, 11 Jánúárì 1982

Ẹ́ńjìnnì tó ń yí ẹ̀rọ ìlọta mi tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìró rẹ̀ kò ṣe é ṣì mọ̀, ó dà bí ẹni ń rún òkúta lẹ́nu. Ẹ̀wà Salamot aláàkàrà ló wà nínú ẹ̀rọ lọ́wọ́. Mo pa iná kíá, mo ní kó máa gbé ìyókù lọ sórí ọlọ. Ó wò mí tòkè tilẹ̀, ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́rọ, odindi garawa ẹ̀wà yìí, orí ọlọ?" Mo ní kó má bínú, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni inú ń bí.

Japhet tó ń tún ẹ́ńjìnnì oníná ṣe ní Òsí dé nígbà tí ọ̀sán ti pọ́n, orí rẹ̀ funfun fún eruku ọyẹ́. Ó tú u palẹ̀ sórí àpò. Bíárìn méjì, àwọn òrùka irin tí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì fi ń yí, ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan níwájú níbi tí bẹ́líìtì wà, ọ̀kan lẹ́yìn. Ti ẹ̀yìn ń yí geere bí ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ nínú páálí. Ti iwájú ti kú pátápátá. Èkejì rèé láti Nòfẹ́ńbà tí mo ti ra ẹ́ńjìnnì yìí. Japhet ní ayédèrú ọjà ló pọ̀ nígboro. Ó fi òmíràn sí i, ó sì ń ki gíríìsì bọ̀ ọ́ lẹ́nu bí ìgbà tí wọ́n ń rọ ọmọ lẹ́kọ.

Ọkọ mi ti ilé ìwé dé, ó bá àwa méjèèjì lórí ìkúnlẹ̀, ó ní, "Òkú ta lẹ̀ ń wẹ̀ níbẹ̀ yẹn?" Tíṣà Lazarus kò mọ ìgbà tí à ń dákẹ́.

Ìṣẹ́gun, 12 Jánúárì

Ó ń dún dáadáa. Mo sùn bí ọmọ ọwọ́.

Àìkú, 17 Jánúárì

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a bá Olóyèdé nílé Màámi, ìyá ọkọ mi. Inú ìwé nìkan ni mo ti lè pe àbúrò ọkọ mi lórúkọ. Lójúkojú, "Ọkọ mi Kékeré" ni. Ó ti Òmù-Àrán wá, níbi tó ti ń ta ẹja inú yìnyín. Ó ní, "Ìyàwó wa, mo gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì rẹ ń ṣàìsàn." Mo ní ara rẹ̀ ti yá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ibi tí ìyàrá yìnyín òun wà, ẹ́ńjìnnì irú ìyẹn ni òun ń wá kiri, àti pé ohun tí kò ṣiṣẹ́ ní Ìlọ́fà lè ṣiṣẹ́ ní Òmù-Àrán, nítorí pé ti ìdílé ni. Ó ní gbogbo wa yóò jókòó lé e lórí ní ọjọ́ kejì Àjíǹde tí ará ilé bá wálé.

Irọ́ kọ́ ló pa. Ẹ́ńjìnnì onídísù Màámi ni a tà tí a fi ra oníná yìí, èmi ni mo sì fi ẹnu mi bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. Láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ bàjẹ́, Màámi kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àgbàdo ògì wọn, Asiat tó ń ná ọjà Ìdọ̀fin ni wọ́n ń gbé e fún, kó bá wọn lọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún. Wọ́n ń gbé e kọjá níwájú ilé ẹ̀rọ mi.

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti wọ ilé yìí. Àwọn tí a jọ ṣe ìyàwó ń jẹ́ Ìyá Adégbóyèga, Ìyá Ìbítóyè. Ọlọ́run kò tíì fún mi ní ẹni tí wọn yóò fi pè mí. "Ìyàwó" ni mo ń jẹ́ títí Màámi fi ẹ̀rọ lé mi lọ́wọ́, tí gbogbo ìlú wá sọ mí di Ìyá Ẹlẹ́rọ. Màámi nìkan ló kù tó ń pè mí ní Ìyàwó. Bí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì lọ, orúkọ wo ni mo fẹ́ padà sí?

Ọjọ́bọ̀, 28 Jánúárì

Èmi àti Hajarat ṣe gbólóhùn asọ̀ lónìí. Àgbàdo ògì ló gbé wá, bẹ́ẹ̀ ata rodo ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán. Ó ní òun kò fi omi ṣan ẹ̀rọ, pé odò jìn. Mo ní kó gbé àgbàdo rẹ̀ kúrò níwájú mi. Ògì tí ọmọ ọwọ́ yóò mu kò gbọdọ̀ gbóòórùn ata ní ilé ẹ̀rọ tèmi. Igbá omi mẹ́ta ni, láti òkè wá, títí èyí tó ń jáde yóò fi mọ́ lóló. Bí Màámi ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí mo sì ti bá a nìyẹn. Ìgbà tó yá, èmi fúnra mi da omi náà, mo sì lọ̀ ọ́ fún un. Ó dúpẹ́ nígbà tó ń lọ, ó ní kò sí ilé ẹ̀rọ tó mọ́ tó tèmi. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Ọyẹ́ mú gan-an. Ètè gbogbo ayé ti là.

Ẹtì, 5 Fẹ́búárì

Mo fi ìdí ọmọrógùn ti ara ẹ́ńjìnnì, mo fi etí sí orí rẹ̀ kejì. Japhet ló kọ́ mi. Lẹ́yìn, ó ń hùn bí oyin. Níwájú, ó ń ṣe gìrì, gìrì. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ajé, 8 Fẹ́búárì

Ó kú. Ti iwájú náà ni.

Kí n tó dé láti odò, Japhet ti fi pẹtiróòlù fọ òkú bíárìn náà mọ́. Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n wàyí, pé bẹ́líìtì le jù, pé ó ń fà á lọ́rùn. Mo bi í pé ta ló fa bẹ́líìtì náà le? Ó họ orí. Ó sún ẹ́ńjìnnì súnmọ́ ẹ̀rọ díẹ̀ títí bẹ́líìtì fi ń gbọ́ràn sí ìka lẹ́nu. Ó ní kí èmi fúnra mi lọ sí Ìlọrin, kí n lọ ra bíárìn tó jẹ́ ojúlówó.

Màámi ń kọjá lọ, wọ́n dúró. "Ìyàwó," wọ́n ní, "orí ọlọ la ti ń lọ̀ ọ́ kí uná tó dé. Ebi éè pa ẹnìkan." Títí di ìsinsìnyí mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń tù mí nínú ni tàbí wọ́n ń bú mi.

Ọjọ́bọ̀, 11 Fẹ́búárì

Mo lọ Ìlọrin, mo bọ̀. Ọkọ̀ kún, ewúrẹ́ kan sì fi ẹsẹ̀ mi ṣe ìrọ̀rí láti Òmù-Àrán.

Wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù Àlàájì Abdulwahab fún mi. Bàbá náà kò kánjú. Mo na bíárìn tó kú sí i, mo ní nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀, kó fún mi ní irú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, nọ́ńbà kò sọ ju bó ṣe tóbi tó lọ. Ẹ sọ irú ibi tó ń gbé fún mi." Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tẹ́ mẹ́ta sórí páálí, nọ́ńbà kan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀kan wà ní ìhòòhò, ẹ ń wo àwọn ọmọ irin inú rẹ̀. Ọ̀kan fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú. Ọ̀kan fi rọ́bà bò ó.

Ó ní oníhòòhò ń fẹ́ ibi tó mọ́ tó sì gbẹ, ẹ ó sì máa bọ́ ọ ní gíríìsì. Onípáànù, eruku kì í tètè wọ̀ ọ́. Onírọ́bà ló lè fara da omi, ṣùgbọ́n ó máa ń wúwo yí díẹ̀, ó sì máa ń gbóná, ènìyàn kì í kàn rà á lásán. "Ṣé omi ń kan tiyín?"

Mo ní, "Omi kẹ̀? Abẹ́ òrùlé ló wà! Ilé ẹ̀rọ mi ló mọ́ jù ní Ìlọ́fà, ẹ bi ẹnikẹ́ni."

Ó ní tó bá jẹ́ ti eruku ọyẹ́ nìkan ni, onípáànù tó mi. Náírà mẹ́jọ. Mo dì í sínú gèlè mi bí ẹyin.

Àbámẹ́ta, 13 Fẹ́búárì

Japhet fẹ́ fi sukudíráfà ṣí páànù ojú bíárìn tuntun kó lè fi gíríìsì kún un. Ó ní ẹni tí kò jẹun, báwo ni yóò ṣe ṣiṣẹ́? Mo gba sukudíráfà náà. Mo ní èyí ti jẹun wá láti ilé, Àlàájì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń kùn títí ó fi dè é tán. Nígbà tí a tan iná, ó tẹ́ etí sí i. Ìró gìrì kan kò sí.

Ọjọ́rú, 24 Fẹ́búárì

Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìṣàárẹ̀. Tíṣà bi mí pé kí ni mo fẹ́ gba ààwẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Mo ní ìbínú. Ó ní, "Ìbídùnní, mú ohun tó rọrùn, mú ẹran." A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti dé ilé yìí.

Ẹtì, 12 Máàṣì

Gìrì, gìrì.

Ọmọrógùn kò purọ́. Mo pa iná, mo ti ilẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ, mo jókòó sórí àpò, mo sunkún. Olóyèdé wá síbí ní àná, ó fi okùn wọn ẹ́ńjìnnì náà níbùú àti lóròó, ó ní òun kàn ń wò ó ni. Ta ní í kàn ń fi okùn wo nǹkan?

Àbámẹ́ta, 13 Máàṣì

Mo fẹ́ kọ èyí kó yé mi dáadáa.

Japhet dé, ó yọ bíárìn iwájú. Ó ti ń wá ìgò pẹtiróòlù rẹ̀ kó fi fọ̀ ọ́. Mo ní kó gbé e fún mi ná. Inú ń bí mi sí bíárìn yẹn bí ẹni pé ènìyàn ni. Mo ti ìka bọ ìdí páànù rẹ̀ tó ti wọ́, gíríìsì jáde. Gíríìsì tó pupa bí oyin nígbà tí mo rà á, ó ti funfun. Ó funfun bí ògì.

Mo ṣì ń sunkún díẹ̀díẹ̀ láti àná. Mo gbàgbé, mo fi ìka yẹn nu ojú. Yéè! Ojú ta mí bí ẹni da iná sí i. Mo fò sókè, mo ń pe Jésù. Japhet rò pé ejò ni. Ó bu omi sí mi lójú, ó ní, "Màmá, kí ló dé?" Mo ní, "Ata!" Ó ní, "Ata wo?" Mo ní, "Ata ló wà nínú bíárìn!"

Nígbà tí mo lè la ojú, a jọ wò ó. Kóró ata rodo kan wà níbẹ̀, ó há sáàárín àwọn ọmọ irin.

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Mo bu igbá omi kan, mo dà á sórí ẹ̀rọ bí mo ṣe máa ń dà á, Japhet sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò ó. Omi gba ọrùn ẹ̀rọ sọ̀ kalẹ̀, ó gba orí pákó tí ẹ̀rọ jókòó lé, pákó náà sì dagun díẹ̀ sí apá ibi tí ẹ́ńjìnnì wà. Ó dé abẹ́ bẹ́líìtì, ó dúró. Japhet fi ọwọ́ yí bẹ́líìtì lẹ́ẹ̀kan, omi ta sí ẹnu bíárìn iwájú. Ọwọ́ lásán nìyẹn o. Tí iná bá wá ń yí i ńkọ́?

Nígbà onídísù Màámi, ẹ̀yìn ògiri ni ẹ́ńjìnnì wà, bẹ́líìtì gígùn ló ń so wọ́n pọ̀, kò sí bí omi ṣe lè dé ibẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé oníná súnmọ́ ẹ̀rọ kí àyè lè gbà wá. Èmi náà ni mo ń fọ ẹ̀rọ jù gbogbo ayé lọ. Ìmọ́tótó mi ló ń pa bíárìn.

Inú yẹ kó bà mí jẹ́, ṣùgbọ́n ara mi fúyẹ́. Ohun tí mo mọ̀, mo lè ṣe nǹkan sí i.

Ọjọ́bọ̀, 18 Máàṣì

Ìlọrin. Mo gbé bíárìn náà lọ bó ṣe wà, nínú ewé. Àlàájì Abdulwahab wò ó, ó rí kóró ata, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Ìyá, mo bi yín nípa omi." Mo ní omi ìfọ̀ ni, mi ò kà á sí omi. Ó ní bíárìn kò mọ ìyàtọ̀.

Ó mú onírọ́bà wá. Ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò fún àmì kan, ó ní àmì náà túmọ̀ sí pé inú rẹ̀ dẹ̀ díẹ̀, pé tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tí irin sì wú, kò ní há. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ wá le. Ó ní rọ́bà kì í ṣe idán, ẹni tó bá ń da igbá omi lé e lórí, yóò tún padà wá bá òun. Àti pé bíárìn nìkan kọ́ ni omi àti iná lè pa, ó lè pa èmi náà. Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Ó mú owó bíárìn nìkan, ó fi gíríìsì agolo kékeré kan ṣe ẹ̀bùn. Ó ní nítorí ẹ̀rín tí mo pa òun.

Àbámẹ́ta, 20 Máàṣì

Issa káfíńtà wá láàárọ̀. Ó tún pákó ṣe kó dagun sí ọ̀nà òdìkejì, ó gbẹ́ ojú àgbàrá sí etí rẹ̀, omi ń gba ibẹ̀ lọ síta. Ó fi igi gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sókè, ó sì kan páànù sáàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀rọ, ihò bẹ́líìtì nìkan ló wà nínú rẹ̀. Japhet de bíárìn onírọ́bà. Kò mẹ́nu ba sukudíráfà.

Mo ṣe òfin tuntun: apá òsì nìkan ni à ń dúró sí fọ ẹ̀rọ, iná gbọdọ̀ ti kú, èmi nìkan ló sì ń da omi. Ìfọ̀ kò ní dúró o. Ọmọ ọwọ́ kò ṣẹ̀ wá. Salamot wo páànù náà, ó ní, "Ẹ wá wò ó! Ìyá Ẹlẹ́rọ ti ra aṣọ òjò fún ẹ́ńjìnnì." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ajé, 22 Máàṣì

Ó gbóná. Mo gbé ọwọ́ lé e níwájú, ó gbóná bí orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Mo rántí pé Àlàájì sọ ọ́, síbẹ̀ mi ò lè jẹun ọ̀sán. Mo ń fi ọmọrógùn gbọ́ ọ ṣáá. Tíṣà ní tí mo bá tún fi igi yẹn ro ọkà fún òun, gíríìsì ni òun yóò máa bì.

Ìṣẹ́gun, 23 Máàṣì

Ooru rẹ̀ kò lé sí i, ó tilẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ó ń hùn bí oyin, níwájú àti lẹ́yìn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo jẹ oúnjẹ àná mọ́ tòní.

Ajé, 29 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lónìí. Ìjì ṣí òrùlé ilé Issa káfíńtà díẹ̀, ilé ẹ̀rọ mi kò jò. Iná lọ, ó dé. Ẹ́ńjìnnì tún dìde bí ẹni pé kò sùn rí.

Àbámẹ́ta, 10 Épírì, ọ̀la ni Àjíǹde

Ẹsẹ̀ kò gbèrò ní ilé ẹ̀rọ. Ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, ata ọbẹ̀, ẹ̀gúsí, gbogbo ìlú ló wá. Wọ́n ní ẹ̀rọ onídísù Ìdọ̀fin kò rí epo rà, àwọn ará ibẹ̀ pàápàá gbé garawa wọn wá. Olóyèdé gbé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan dé láti Òmù-Àrán. Ó páàkì rẹ̀ sí ọ̀gangan ilẹ̀kùn mi, ó sì jókòó sínú rẹ̀, ó ń wò mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbójú sókè, ọkọ̀ yẹn ni mò ń rí. Mo ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀ pé, bíárìn mi, má dójú tì mí, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, Asiat dé pẹ̀lú abọ́ àgbàdo rírẹ lórí. Ó ní Màámi ni wọ́n ní kó gbé e wá. Mo ní, "Kí o lè gbé e lọ Ìdọ̀fin?" Ó ní, "Rárá o. Ẹ̀yin ni wọ́n ní kí n gbé e fún."

Ata ni mo ń lọ̀ lọ́wọ́. Mo pa iná. Mo dúró sí apá òsì, mo da igbá kan, mo da èkejì, mo da ẹ̀kẹta. Omi gba ojú àgbàrá lọ síta, ó mọ́ lóló. Mo tan iná. Nígbà tí mo lọ̀ ọ́ tán, Olóyèdé ṣì wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Mo bu omi tútù fún un. Ó mu ún, ó ní, "Ìyàwó wa, ó mà ń ṣiṣẹ́ o." Ohùn rẹ̀ kò dùn púpọ̀.

Ajé, 12 Épírì, ọjọ́ kejì Àjíǹde

A jókòó nílé Màámi. Olóyèdé sọ tirẹ̀, ó sọ ọ́ dáadáa, mi ò lè fi bú u. Ó ní ẹ́ńjìnnì tó ń bàjẹ́ lóṣooṣù jẹ́ ìtìjú fún ìdílé. Tíṣà ní ìgbà wo ló bàjẹ́ gbẹ̀yìn? Wọ́n ní kí èmi náà sọ̀rọ̀. Mo ti tò ó sínú láti ọ̀sẹ̀ méjì, bí bíárìn ṣe rí, bí omi ṣe ń dé ibẹ̀, ohun tí mo tún ṣe. Gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Mo ti mọ ohun tó ń pa á. Kò ní kú mọ́."

Màámi kò tíì gbójú sókè láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ife ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n mu ún tán, wọ́n gbé ife sílẹ̀.

"Olóyèdé," wọ́n ní, "uṣẹ́ rẹ wà l'Ómù, Olúwa á bá ọ ṣe é. Wá ẹ́ńjìnnì mìíràn lọ. Ògì tí mo mu yìí, ata éè sí nínú ẹ̀."

Olóyèdé tẹrí ba, ó ní, "Ó dáa, Màámi." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo sì rí i pé inú rẹ̀ kò burú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ òjò àti iṣu.

Màámi na ọwọ́ sí ọ̀dọ̀ mi láti orí àpótí tí wọ́n jókòó sí. Ìyàwó méjì mìíràn ló wà nínú ilé, mo wẹ̀yìn kí n lè mọ ẹni tí wọ́n ń pè.

"Ìyá Ẹlẹ́rọ," wọ́n ní, "ìwọ ni mò ń bá wí. Gbé mi dìde."

Mo gbé wọn dìde.